Bí Kọ̀ǹpútà Bámiṣẹ́ Ṣe Sin Bàbá Kẹ́hìndé Láàyè

Ẹ fà mọ́ra, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kí ẹni tó ní iṣu lórí iná lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ ná, nítorí ìtàn tí mo gbé wá lónìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ ní ìdúró. Mo ṣèlérí fún yín pé ẹ ó pàdé ọkùnrin kan nínú rẹ̀ tó pọ́n àdá títí àdá fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, kó tó rántí pé oko ló fẹ́ ro.

Bámiṣẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Igbó-Ọrà níbí ni, lójú títì tó lọ sí Èrúwà. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà, tí wọ́n ti ń ṣe káàdì ìsọmọlórúkọ àti ìwé ètò ìsìnkú. Àlàájì Tàjùdéèn ló ni ín. Ènìyàn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀: Bámiṣẹ́ tó kàwé ní pólì, tó sì fẹ́ kí adìyẹ ìta pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀, àti Màmá Keturah, obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa, tó ti ń tẹ̀wé láti ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń dún kà-kà-kà bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo lórí páànù.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí. Àlàájì fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì ní Èrúwà. Ó ti kun ilé, ó ti kó ẹ̀rọ tuntun mẹ́rin sí i, ó ku ẹni tí yóò jẹ ọ̀gá ibẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé náà wà lápò agbádá rẹ̀, bó bá sì ti ń rìn bọ̀, Bámiṣẹ́ á ti máa gbọ́ dídún rẹ̀. Kò sí ohun tó wu Bámiṣẹ́ láyé bíi kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ó tilẹ̀ ti ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀, òbí àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ní ìlú Tápà pé òun ti di máníjà, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì sọ nǹkan kan fún un.

Ẹ̀yin á ní ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá, iṣẹ́ ni yóò mú ṣe. Bámiṣẹ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tirẹ̀, kí ènìyàn tó ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tún ibi iṣẹ́ ṣe. Láti ọdún kan àbọ̀ ló sì ti ń tún un ṣe. Ó fi àwòrán òkè kan tí yìnyín bò lórí sí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀, òkè ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní tẹ̀ láyé. Ó to agogo mẹ́ta sí apá òkè: ti Lọ́ńdọ̀nù, ti Tòróńtò, ti Dùbáì. Ó fi irinṣẹ́ kan sí igun tí ń sọ bí orí ẹ̀rọ náà ṣe gbóná tó, bí ìyá tó ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó sọ ọfà máòsì di mànàmáná. Ó kó gbogbo fáìlì pamọ́ sẹ́yìn òkè yìnyín, tó fi jẹ́ pé òun nìkan ló mọ bọ́tìnnì mẹ́ta orí kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń tẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó yọjú. Ó lẹ sítíkà dúdú mọ́ gbogbo lẹ́tà orí kíbọ́ọ̀dù, nítorí ó ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ kì í wo ọwọ́.

Bí oníbàárà bá wọlé, tó ní ìwé kan ṣoṣo ni òun fẹ́ tẹ̀, Bámiṣẹ́ á ní, "Ẹ jókòó, mò ń ṣètò nǹkan." Oníbàárà á jókòó. Oòrùn á kọjá láti ẹnu ọ̀nà bọ́ sí ẹsẹ̀ àga. Bámiṣẹ́ á ṣì máa sún agogo Tòróńtò díẹ̀ sápá òsì.

Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo Màmá Keturah! Ẹ ò rí ojú tí olówó fi ń wo ẹ̀kọ tútù. Kọ̀ǹpútà màmá náà kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ojú rẹ̀ kún dẹ́múdẹ́mú: "Ìgbéyàwó Sódìq" wà níbẹ̀, "Ìgbéyàwó Sódìq tuntun" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Ìgbéyàwó Sódìq tuntun gan-an" sì wà nísàlẹ̀ wọn.

"Màmá," ni Bámiṣẹ́ á wí, "ṣé ojú kọ̀ǹpútà nìyí, àbí ààtàn?"

"Ààtàn ni, ọmọ mi," ni màmá á fèsì, tí kò ní gbójú sókè. "Ibẹ̀ kúkú ni adìyẹ ti ń jẹun yó. Èyí tó wà lórí òkè yìnyín, kí ni yóò rí ṣà?"

Ohun tó tún ń bí Bámiṣẹ́ nínú ni àṣà kan tí màmá náà ní. Bó bá tẹ̀wé tán, kì í fi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ. Á yí àga padà, á ní kí oníwèé di ìwé tó fọwọ́ kọ mú, òun á sì máa ka ti ojú kọ̀ǹpútà sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn. Oníwèé á máa dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni." Bí kò bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ ni, kò ní lọ síwájú. Ètò ìsìnkú kan ṣoṣo lè gba wákàtí kan gbáko. Bámiṣẹ́ sọ ọ́ ní iléèwé àgbàlagbà. Ó ní ẹ̀rọ ayé òde òní kì í ṣe ohun tí à ń kà létí bí ọmọ iléèwé.

Ìlú wa yìí, ẹ mọ̀ ọ́n, ìlú ìbejì ni. Ilé tí kò bá ní méjì, á ní mẹ́rin. Àwọn kan ní ọbẹ̀ ilasa ló ń fà á, àwọn kan ní omi ni. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nínú káàdì mẹ́wàá tó bá jáde ní ṣọ́ọ̀bù Àlàájì, mẹ́fà ló ní Táíwò àti Kẹ́hìndé lára. Bámiṣẹ́ wò ó títí, ó ní kí ló dé tí òun á fi máa tẹ ohun kan náà lójoojúmọ́ bí ìwọ̀fà, tòun ti àmì orí àti àmì ìdí. Ó wá kọ́ ẹ̀rọ rẹ̀ pé bí òun bá ti tẹ lẹ́tà mẹ́ta péré, t, a, i, kó má dúró gbọ́ ìyókù, kó yára kọ "Táíwò àti Kẹ́hìndé" síbẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣe èyí tán, ó sáré pe Àpèkẹ́, aránṣọ tí ògiri kan ṣoṣo pààlà òun àti ṣọ́ọ̀bù náà.

"Àpèkẹ́, wá wo idán!"

Àpèkẹ́ wò ó tòun ti okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. "Ó dáa o. Bí Táíwò bá wá ní òun nìkan ńkọ́?"

Bámiṣẹ́ rẹ́rìn-ín bí ẹni tí òmùgọ̀ béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ní Igbó-Ọrà? Táíwò wo ló ń dá wá? Máa lọ rán bùbá rẹ, ìyá."

Kò pẹ́ sígbà náà ni Bàbá Táíwò Òkè fi ilé sílẹ̀. A kì í wí pé ìbejì kú. Ọjà ni a ń ní ó lọ. Bàbá náà lọ sọ́jà lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ó sì fi Bàbá Kẹ́hìndé, èkejì rẹ̀, sílé. Bàbá Kẹ́hìndé yìí ti jẹ́ olùkọ́ àgbà kó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá tó bí Bámiṣẹ́ gan-an jẹ pàṣán rẹ̀. Títí di òní, bírò pupa kò kúrò lápò àyà rẹ̀. Bó bá rí àṣìṣe lára pátákó ìpolówó, á dúró lójú títì máàkì í.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ olóògbé, obìnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ, ló gbé ìwé ètò ìsìnkú wá, ojú ìwé mẹ́rin tí wọ́n fọwọ́ kọ. Ọ̀dọ̀ Màmá Keturah ló kọrí sí tààrà. Bámiṣẹ́ ti dìde.

"Àǹtí, ẹ gbé e wá síbí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ọ̀wọ̀ Bàbá sórí ààtàn."

Àlàájì wà níjókòó. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ó dáa, Bámiṣẹ́, gbà á. Gbogbo ìlú ni yóò wà níbi ìsìnkú yìí, àwọn èèyàn mi láti Èrúwà náà ń bọ̀. Iṣẹ́ yìí ni n ó fi mọ ẹni tí n ó gbé kọ́kọ́rọ́ Èrúwà fún." Ó fọwọ́ kan àpò agbádá. Kọ́kọ́rọ́ dún. Inú Bámiṣẹ́ dùn tẹ̀lé e.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fún un. Ẹ bi mí léèrè ohun tó fi ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣe. Ó pa òkè yìnyín dà sí òmíràn tó ní àwọ̀ elésè àlùkò, nítorí ó ní iṣẹ́ ọ̀fọ̀ gba ojú ọ̀fọ̀. Ó to àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ ní ìtò tuntun, kò fẹ́ràn rẹ̀, ó tú u, ó tún un tò. Ó wá orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí yóò máa kọ nígbà tó bá ń tẹ̀wé. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin, tíí ṣe Fráìdè, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fa ìwé náà jáde. Èèpo iwájú ló kọ́kọ́ ṣe, nínú irinṣẹ́ mìíràn tí wọ́n fi ń ya àwòrán, èyí tí idán rẹ̀ kò dé. Ó rẹwà lóòótọ́. Fọ́tò Bàbá Táíwò ń dán gbinrin, orúkọ rẹ̀ sì pé. Lẹ́yìn náà ló dojú kọ inú ìwé. Ó gbé ojú sí ògiri, ó ń sáré ọwọ́ bí òjò orí páànù. Ogójì ìṣẹ́jú, ó parí.

Kíkẹ́lọmọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Bámiṣẹ́, ṣé kò yẹ ká kà á pọ̀ ni? Màmá Keturah máa ń—"

"Àǹtí, ti Màmá Keturah nìyẹn. Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ló ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Ẹ lọ bójú tó àlejò yín, ẹ̀rọ mi kì í ṣe àṣìṣe."

Màmá Keturah gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn. "Bámiṣẹ́, kà á. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀."

"Màmá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ padà sórí ààtàn yín."

Màmá náà padà síbẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà jáde, Bámiṣẹ́ kó wọn sínú páálí, ó fi sẹ́lótéèpù dí wọn lẹ́nu gbọnin-gbọnin. Ó di ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó tú wọn.

Ilé ìjọsìn kún. Bámiṣẹ́ wọ aṣọ tuntun, ó jókòó sí ìlà kẹta. Àlàájì àti àwọn ará Èrúwà wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Gbogbo ẹni tó gba ìwé ló ń wo èèpo rẹ̀, tí ń mi orí. "Ẹ wo bí Bàbá ṣe ń wo èèyàn!" Bámiṣẹ́ gbọ́ ọ. Ó ti ń rò ó lọ́kàn irú àwòrán tí òun yóò fi sójú kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní Èrúwà.

Wọ́n wá pe Bàbá Kẹ́hìndé kó wá ka ìtàn ayé èkejì rẹ̀. Ọ̀pá kọ́kọ́ dé iwájú, bàbá tẹ̀ lé e. Ó fi dígí sójú, ó ṣí ìwé. Ó yẹ ojú ìwé náà wò láti òkè dé ilẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí bírò pupa, ó tún padà.

"Mo fi ogójì ọdún kọ́ àwọn ọmọ yín," ló wí, "pé ohun tó bá wà nínú ìwé ni kí wọ́n kà. N ó kà á bẹ́ẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀. "'Táíwò àti Kẹ́hìndé Òkè ni a bí ní Igbó-Ọrà ní ọdún 1940.' Òótọ́ ni. 'Táíwò àti Kẹ́hìndé jẹ́ ọmọ tó gbọ́ràn.' Ìyá wa kò ní sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká lọ. 'Ní ọdún 1968, Táíwò àti Kẹ́hìndé gbé Rebecca níyàwó.'"

Ó bọ́ dígí. Ó wo ìyàwó àbúrò rẹ̀ níwájú. "Rebecca, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Rebecca tó ti ń sunkún láti òwúrọ̀ gbé orí sókè. "Bàbá, ẹyọ kan ṣoṣo ni mo rí lọ́jọ́ náà o!"

Ẹnìkan pòṣé lẹ́yìn, ẹnìkan fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀. Bàbá gbé dígí padà.

"'Táíwò àti Kẹ́hìndé sùn nínú Olúwa lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́. Lẹ́yìn ìsìn yìí, a ó gbé òkú Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ sílé wọn. Kẹ́hìndé, èkejì olóògbé, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àlejò.'" Ó pa ìwé dé. "Ẹ̀yin àlejò, mo dúpẹ́ o. Ẹ kàn bá mi bi ẹni tó tẹ ìwé yìí, ṣé kí n wọ inú pósí kí a tó jẹun ni, àbí lẹ́yìn oúnjẹ?"

Ẹ̀rín tó bú sí ilé yẹn, àwọn adáná tó wà lẹ́yìnkùlé sáré wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn akọrin ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó gbé pósí ń rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan láti Tápà, tó mọ ilé àwọn àna Bámiṣẹ́ dáadáa, ká ìwé tirẹ̀, ó sì fi í sápò bí ohun iyebíye.

Bámiṣẹ́ wá ọ̀nà jáde. Àlàájì ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó dìde fún un kó kọjá, ṣùgbọ́n ó fi ọwọ́ mú àpò agbádá, kọ́kọ́rọ́ kò dún rárá. Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí sì ń rò bó ṣe ń lọ: ará oko ni wọ́n, wọn ò mọ iṣẹ́ tó wà nínú kí ẹ̀rọ mọ ohun tí ènìyàn fẹ́ kọ kó tó kọ ọ́. Ẹni tó ṣubú sínú kànga tó ń bú omi pé omi ò mọ aṣọ!

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Bàbá Kẹ́hìndé wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó fi ìwé ètò náà lé orí tábìlì Bámiṣẹ́. Pupa ti gba ojú rẹ̀ bí aṣọ alápatà.

"Mo ti máàkì rẹ̀. Mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lo gbà. Fọ́tò ló ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwọ kọ́ lo sì yà á."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà. Ẹ̀rọ ló—"

"Tẹ Táíwò fún mi. Òun nìkan."

Bámiṣẹ́ tẹ̀ ẹ́. Kó tó kọjá lẹ́tà kẹta, Kẹ́hìndé ti bá Táíwò dé. Ó pa á rẹ́, ó tún un tẹ̀. Méjèèjì tún jọ wọlé. Ó ní kí òun lọ síbi tí òun ti kọ́ ẹ̀rọ náà, kí òun gba ẹ̀kọ́ yẹn padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbo ni ó fi pamọ́ sí? Ó ti tú ìtò rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta pọ̀, orin bẹ̀rẹ̀. Ó tẹ mẹ́ta mìíràn, òkè yìnyín pa àwọ̀ dà. Mànàmáná rẹ̀ ń sáré kiri ojú kọ̀ǹpútà bí eku tí wọ́n ká mọ́ inú ìkòkò. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀.

Bàbá tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń wo ojú kọ̀ǹpútà. "Mo rí i pé o mọ iye agogo tó lù ní Tòróńtò. Agogo mélòó ló lù níbí?"

Bámiṣẹ́ wo òkè, ó wo igun, ó wá yíjú sí ògiri.

Màmá Keturah fa kíbọ́ọ̀dù tirẹ̀ mọ́ra. Ó ti Ìgbéyàwó Sódìq tuntun gan-an sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí ojú ìwé funfun kan, ó fi ìka méjì tẹ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó wá yí àga padà gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó kà á sókè.

"Táíwò."

Bàbá Kẹ́hìndé fa àga kan, ó jókòó. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, láti ọjọ́ ìkómọjáde dé orí àga ìfẹ̀yìntì, ẹnikẹ́ni kì í pe orúkọ yẹn kó má fi tirẹ̀ tì í.

"Ẹ tún un kà," ló wí.

"Táíwò."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé òmíràn báyìí ni wọ́n ṣe tún ìwé náà tẹ̀ látòkè délẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, bàbá di ìwé àfọwọ́kọ mú, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Àlàájì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi parí. Nígbà tí ẹ̀rọ tu ẹ̀dà àkọ́kọ́ jáde, ó kó ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ Èrúwà lé orí tábìlì Màmá Keturah, láàárín bébà àti ife omi rẹ̀. Bámiṣẹ́ gbọ́ dídún rẹ̀ nígbà tó kan igi.

"Àlàájì, èmi ńkọ́?"

"Ìwọ?" Àlàájì wò ó bí a ti ń wo bàtà tó fún ni lẹ́sẹ̀. "Ìwọ kò lè dá ṣọ́ọ̀bù ṣe. Ẹ̀rọ ẹ̀dà wà níbẹ̀ yẹn. Bọ́tìnnì kan ló ní, aláwọ̀ ewé ni. Tẹ̀ ẹ́, kí o sì jáwọ́ lára rẹ̀."

Ẹni tí Àlàájì pè ló nu gbogbo ọ̀ṣọ́ ojú kọ̀ǹpútà Bámiṣẹ́ kúrò, òkè àti agogo àti mànàmáná, ó dà bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e láti ọjà. Láti Tápà, àwọn àna rẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn kí máníjà, wọ́n sì béèrè bóyá òkú méjì lójúmọ́ náà ni yóò máa sin bó bá fẹ́ ọmọ àwọn tán. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ẹ̀dà ni Bámiṣẹ́ wà. Ẹ má sì rò pé ó kọ́gbọ́n. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti lẹ sítíkà mànàmáná mọ́ bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé náà. Àwọn oníbàárà kò rí ibi tí wọ́n á tẹ̀ mọ́, wọ́n ń dúró dè é kó wá tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Àpèkẹ́ aránṣọ, tí etí rẹ̀ kò jìnnà sí ògiri, ló sọ ọ́ fún mi níbi tó ti ń wọn ejìká mi fún dàńṣíkí. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ òun kò dé, mo sì ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Àmọ́ ó ní kí n tó sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kí n kọ́kọ́ kà á sókè fún òun. Mo kà á. Bẹ́ẹ̀ ni ló sọ, látòkè délẹ̀.